Iná lọ, iná dé: báwo lẹ ṣe ń jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ yín jí fúnra rẹ̀?

ará_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó gbé kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà jù sí odò Ògùnpa.

Mo kọ prógíráàmù kékeré kan fún Àlájà kan tó ń ta aṣọ ní Gbági. Python ni mo fi kọ ọ́, PostgreSQL ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà. Orí kọ̀ǹpútà kékeré àlòkù kan tó ní Ubuntu 22.04 ló wà, abẹ́ káńtà ni wọ́n gbé e sí. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń fi fóònù wọ inú rẹ̀ láti wo iye aṣọ tó kù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ rìsíìtì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí iná bá lọ tó sì dé, kọ̀ǹpútà á tan fúnra rẹ̀, mo ti ṣètò ìyẹn nínú BIOS, àmọ́ prógíráàmù mi ò ní jí. Àlájà á pè mí: "Ọmọ mi, nǹkan yín ti tún kú o." Èmi á wọ mọ́tò láti Mọ́kọ́lá lọ sí Gbági, kí n lọ tẹ ìlà kan ṣoṣo:

```
nohup python3 oja.py &
```

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nìyẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Owó ọkọ̀ ti fẹ́ ju owó iṣẹ́ lọ. Mo gbìyànjú @reboot inú cron, ohun tó ń pe iṣẹ́ ní àkókò tá a bá dá fún un: lọ́jọ́ kan á gbéra, lọ́jọ́ kejì kò ní gbéra, mi ò sì mọ ìdí. Ẹ má sọ pé kí n wọlé láti ilé o, ṣọ́ọ̀bù yẹn ò ní íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Kí lẹ̀yin ń ṣe?

onísáfà_Bódìjà

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Gbogbo wa la ti gun mọ́tò yẹn rí.

Ohun tí nohup ń ṣe ò ju pé kó dí prógíráàmù létí, kó má baà gbọ́ nígbà tí tẹ́mínà bá pa dé. Bó bá kú, kò sẹ́ni tó máa jí i. @reboot náà, ẹ̀ẹ̀kan ló ń ké sí i, ó di gbére. Kò bìkítà bóyá PostgreSQL ti jí tàbí ó ṣì ń sùn. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbéra lónìí tí kò gbéra lọ́la: àwọn méjèèjì jọ ń sáré ni, ọjọ́ tí prógíráàmù rẹ bá ṣáájú PostgreSQL, ó ti ṣubú nìyẹn.

Systemd ti wà lórí ẹ̀rọ yẹn, òun ni Ubuntu ń lò láti 15.04 ní 2015. Òun ló kọ́kọ́ ń jí tí kọ̀ǹpútà bá tàn, òun ló ń jí àwọn tó kù. Jẹ́ kó bá ẹ tọ́jú prógíráàmù rẹ. Kọ fáìlì yìí, kó o sì fi pamọ́ sí /etc/systemd/system/oja.service:

```
[Unit]
Description=Iwe oja Alaja
Wants=postgresql.service
After=postgresql.service

[Service]
User=oja
WorkingDirectory=/opt/oja
ExecStart=/opt/oja/venv/bin/python oja.py
Restart=always
RestartSec=5

[Install]
WantedBy=multi-user.target
```

Lẹ́yìn náà:

```
sudo systemctl daemon-reload
sudo systemctl enable --now oja.service
```

Má fi enable sílẹ̀. Start ń jí i nísinsìnyí. Enable ló ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú àwọn tí wọn máa jí nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá tàn. Mo mọ àgbàlagbà kan tó start láì enable, ó ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì gbáko torí pé bátìrì ìnfátà wọn lágbára. Ọjọ́ tí bátìrì rẹ̀ ẹ́ ni àṣírí tú. Èmi ni àgbàlagbà náà.

ará_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ ó kọ̀ o. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní status=217/USER. Mo yọ ìlà User kúrò, ó wá ní status=203/EXEC. Kí ni gbogbo nọ́ńbà yìí?

Àǹtí_Kóòdù

Dá ìlà User padà kíá. Má jẹ́ kí n rí i pé o fi root, ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, ṣe é.

217 ń sọ pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ oja lórí ẹ̀rọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n Bódìjà gbàgbé láti sọ pé kó o kọ́kọ́ dá a: `sudo useradd --system --no-create-home oja`. 203 ń sọ pé òun ò rí ohun tó o kọ síwájú ExecStart, tàbí òun rí i àmọ́ òun ò lè ṣí i. Lọ wò ó bóyá /opt/oja/venv/bin/python wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bó bá jẹ́ ìwé àṣẹ lo fi síbẹ̀, rí i pé o ti ṣe chmod +x fún un kó lè ṣiṣẹ́, àti pé ìlà `#!` wà lókè rẹ̀. Bó o bá rí 200/CHDIR lọ́la, WorkingDirectory lo ṣì kọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń mú àwọn ọmọ tuntun. Systemd kì í ṣe bash, tó ń ka àṣẹ tó o bá tẹ̀ sí tẹ́mínà. Kò mọ `~`, kò mọ `&&`, kò mọ `>`, kò sì ka .bashrc rẹ. Gbogbo ohun tó o tò sínú .bashrc, bíi pásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì, kò ní rí i. Kọ wọ́n sínú fáìlì ọ̀tọ̀, bíi /etc/oja.env, ṣe chmod 600 fún un kí ẹlòmíràn má baà kà á, fi sílẹ̀ lọ́wọ́ root, kó o wá fi `EnvironmentFile=/etc/oja.env` kún abẹ́ [Service]. Systemd fúnra rẹ̀ ló máa kà á kó tó fi iṣẹ́ lé oja lọ́wọ́, nítorí náà oja ò nílò àṣẹ láti ṣí i.

Kó o tó daemon-reload, tẹ `systemd-analyze verify` pẹ̀lú orúkọ fáìlì náà. Ó máa ń tọ́ka sí àṣìkọ kó tó dójú ọjà.

ará_Mọ́kọ́lá

Háà! Env ni mo pe fódà tèmi, kì í ṣe venv. Lẹ́tà kan péré, gbogbo òru àná. Ó ti gbéra báyìí. Mo tún ẹ̀rọ tàn, ó jí. Mo tún un tàn lẹ́ẹ̀kejì, ó jí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní "Start request repeated too quickly", ó sì jókòó síbẹ̀. Mo lo `systemctl status`, ó ní failed.

Àǹtí_Kóòdù

Ṣé o kọ RestartSec=5?

ará_Mọ́kọ́lá

...Mo yọ ọ́. Mo rò pé kó yára ló dáa jù.

Àǹtí_Kóòdù

Ìyára ló pa á. Bí o ò bá kọ RestartSec, mílísẹ́kọ́ńdì 100 ni systemd ń dúró kó tó tún gbìyànjú. Ó sì ní òfin kan: bí nǹkan bá gbéra lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 tí gbogbo rẹ̀ ń ṣubú, ó ti sú u nìyẹn. Bí ìgbà tó o rán ọmọ lọ kan ilẹ̀kùn: ó kàn án gbàgbàgbà lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó ní "wọn ò sí nílé", ó padà wálé, kí onílé tó wọ bàtà. PostgreSQL rẹ lonílé. Nígbà tí iná bá já lójijì, ó máa ń ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti tún ara rẹ̀ ṣe kó tó gbàlejò, bó o bá sì kan ilẹ̀kùn nígbà yẹn, á ní òun ṣì ń múra. Bó o bá fi ìṣẹ́jú àáyá 5 sáàárín, o ò lè kàn án lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín 10, o ò sì ní fẹsẹ̀ kọ òfin yẹn. Tẹ `sudo systemctl reset-failed oja` láti nu ti àná kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí After náà, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. After kì í pe ẹnikẹ́ni, títò ló ń tò wọ́n. Wants ló ń peni wá. Bó o bá kọ After nìkan, tí ẹnikẹ́ni ò sì enable PostgreSQL, tìrẹ á dìde láìwẹ̀yìn. Requires le ju Wants lọ: bí PostgreSQL bá kọ̀, tìrẹ náà ò ní gbéra, bí ẹnì kan bá sì dá PostgreSQL dúró, tìrẹ náà á dúró. Fún iṣẹ́ bíi tìrẹ, Wants tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ro àmàlà rí, After ń sọ pé kí wọ́n gbé omi kaná kó o tó mú èlùbọ́ jáde. Kò sọ pé omi ti hó o. Bó o bá da èlùbọ́ sómi tí kò hó, o mọ ohun tó o máa jẹ. Prógíráàmù fúnra rẹ̀ ló yẹ kó máa fọwọ́ kan omi wò: bó bá pe dátábéèsì tí kò dáhùn, kó sinmi díẹ̀, kó tún pè. Kọ ọ́ sínú kóòdù rẹ. Gbogbo ètò systemd, àrọ́pò lásán ni síyẹn.

onísáfà_Bódìjà

Òótọ́ ni. Má sì jáyà bó o bá tẹ `systemctl status postgresql` tó ní "active (exited)". Lórí Debian àti Ubuntu tó jáde lára rẹ̀, orúkọ yẹn bo ojú lásán ni, kò ṣe iṣẹ́ kankan. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni postgresql@14-main. Mo ti rí ẹni tó pa dátábéèsì tó ń mí dáadáa torí pé ó rí "exited" níbẹ̀.

bàbá_ẹ̀yà_BSD

Ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo òfin yìí nítorí ìlà kan! Láyé ìgbà tiwa, ìwé àṣẹ kékeré kan nínú /etc/init.d, ó parí.

onísáfà_Bódìjà

Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. A ti mọ̀ pé ẹ ń bọ̀.

bàbá_ẹ̀yà_BSD

Mo ti dé. Ọdún 2010 ni Lennart Poettering àti Kay Sievers gbé systemd yín jáde. Nígbà tí Debian ní òun náà máa lò ó, ìjà ibẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn kan kó ẹrù wọn jáde, wọ́n lọ dá Devuan, Debian tí kò ní systemd, sílẹ̀. Èmi ò bá wọn jà. FreeBSD, tí kì í ṣe Linux rárá, ni mo wà látilẹ̀. Ìwé rẹ lọ sínú /usr/local/etc/rc.d, o tẹ `sysrc oja_enable=YES`, o tẹ `service oja start`. Bó o bá fẹ́ kó máa jí nígbà tó bá ṣubú, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ daemon, fi `-r` sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lè ka gbogbo ohun tó ń jí ẹ̀rọ mi láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Ta ló lè ka ti systemd tán nínú yín?

Àǹtí_Kóòdù

Bàbá, mo gbà pé ó tóbi. Àmọ́ ìwé init.d àtijọ́ yẹn náà, gbogbo ẹni tó kọ ọ́ ló ń kọ tirẹ̀, àdàkọ lórí àdàkọ, fáìlì PID (ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà iṣẹ́ sí) tó ti kú tipẹ́ ṣì wà níbẹ̀ tó ń parọ́ pé èèyàn ń mí. Lẹ́yìn tí iná bá já lójijì, irọ́ yẹn gan-an ló máa ń dá wa dúró. Systemd ò nílò fáìlì PID fún iṣẹ́ bí èyí, òun fúnra rẹ̀ ló bí i, ó mọ ọmọ rẹ̀.

bàbá_ẹ̀yà_BSD

Ti fáìlì PID yẹn, o gbá mi mú. Mo gbà.

Àlejò_Apẹtẹ

Ẹ jọ̀ọ́, Alpine, Linux kékeré kan, ni mo ń lò ní tèmi, OpenRC ló wà níbẹ̀ dípò systemd. `rc-update add oja default`, kẹ́ ẹ sì kọ `supervisor="supervise-daemon"` sínú ìwé rẹ̀ kó lè máa jí i. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀.

Ohun tó gbé mi wá gan-an ni aago. Mo ní Raspberry Pi 4 kan, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo systemd ní tirẹ̀, nínú ilé adìyẹ wa, ó ń ka bí ilé ṣe gbóná tó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Service yẹn ń jí dáadáa bí iná bá dé, mo ti tẹ̀ lé gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, ìwé rẹ̀ ní ilé adìyẹ gbóná jù láago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí òjò ń rọ̀. Mo ronú títí. Ọ̀sán gan-an ló gbóná! Pi 4 ò ní bátìrì aago. Bí iná bá já, ibi tó bá àkókò dé kẹ́yìn ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí yóò fi rí íntánẹ́ẹ̀tì bi. Service mi ti ń kọ̀wé kí aago tó tọ́.

Mo wá enable `systemd-time-wait-sync.service`, mo sì kọ èyí sínú fáìlì tèmi:

```
Wants=time-sync.target
After=time-sync.target
```

Báyìí, kò ní kọ nǹkan kan títí aago á fi tọ́. Ẹni tí kò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì, bí i ti Gbági yẹn, kó má ṣe èyí o, á dúró títí láé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ra aago DS3231, kó so ó mọ́ Pi, kó fi `dtoverlay=i2c-rtc,ds3231` sínú config.txt. Pi 5 ti ní aago tirẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa ra bátìrì rẹ̀.

ará_Mọ́kọ́lá

Ti Gbági ní bátìrì aago, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìbéèrè mìíràn: níbo ni gbogbo print tí mo kọ sínú kóòdù mi ń lọ? Tẹ́lẹ̀ nohup.out ni. Mo tẹ `journalctl -u oja` láti ka àkọsílẹ̀ systemd, mo rí i pé ó gbéra, mi ò rí ọ̀rọ̀ tèmi kankan.

onísáfà_Bódìjà

Python ló ń kó o jọ sẹ́nu. Bí kò bá rí tẹ́mínà níwájú rẹ̀, ó máa ń dúró kí ọ̀rọ̀ pọ̀ kó tó pọ̀ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá já kó tó pọ̀ ọ́, ó gbé e mì nìyẹn. Fi `Environment=PYTHONUNBUFFERED=1` sábẹ́ [Service].

Bó o bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí iná tó lọ, `journalctl -u oja -b -1`, ìyẹn ìgbà tí ẹ̀rọ tàn ṣáájú èyí. Bó bá ní òun ò ní àkọsílẹ̀, wò ó bóyá fódà /var/log/journal wà. Bí kò bá sí, inú mẹ́mórì ló ń kọ ọ́ sí, iná tó bá lọ ti gbé e lọ. Dá fódà náà, kó o tún systemd-journald tàn. Kó o má bẹ̀rù pé á kún díìsìkì: kì í kọjá ìdá 10 nínú díìsìkì, kì í sì kọjá gíìgì 4. Bí ìyẹn bá ṣì pọ̀ fún kọ̀ǹpútà Àlájà, kọ `SystemMaxUse=200M` sínú journald.conf.

Àǹtí_Kóòdù

Ẹnikẹ́ni ò tíì bi í bóyá ó ń ṣe àdàkọ ìwé ọjà yẹn pamọ́.

ará_Mọ́kọ́lá

Mo ń ṣe é, àǹtí. Cron, aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Àǹtí_Kóòdù

Aago mélòó ni wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù ní Gbági?

ará_Mọ́kọ́lá

...Aago mẹ́fà.

Àǹtí_Kóòdù

Mo mọ̀. Wọ́n ń pa ẹ̀rọ kí wọ́n tó lọ, cron rẹ ò tíì ṣe àdàkọ kankan rí. Cron lásán kì í rántí ohun tó fò ó. Timer, aago systemd, ni kó o lò. Fáìlì méjì ni. Oja-ipamo.service ní `Type=oneshot` àti ExecStart tó ń pe ìwé àṣẹ tó ní pg_dump, tó ń ṣe àdàkọ PostgreSQL, nínú. Oja-ipamo.timer nìyí:

```
[Timer]
OnCalendar=*-*-* 17:30
Persistent=true

[Install]
WantedBy=timers.target
```

Persistent ni ọlọ́lá ibẹ̀. Bí iná ò bá sí ní aago márùn-ún ààbọ̀, bí ẹ̀rọ bá ṣe tàn lọ́jọ́ kejì ló máa rántí pé òun jẹ gbèsè, á san án. Timer lo máa enable, kì í ṣe service rẹ̀. Tẹ `systemctl list-timers` láti wo ìgbà tó ṣe é kẹ́yìn. Má sì fi àdàkọ náà sórí díìsìkì kan náà o, kí Àlájà ra fláàṣì.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ṣì ní agbára, fi mẹ́rin yìí kún oja.service:

```
NoNewPrivileges=true
PrivateTmp=true
ProtectSystem=strict
ReadWritePaths=/opt/oja/data
```

Bí ẹnì kan bá rí ihò nínú kóòdù rẹ, kò ní lè kọ fáìlì síbòmíràn tó ju fódà yẹn àti /tmp tirẹ̀ lọ. Tẹ `systemd-analyze security oja` kó o tó fi wọ́n sí i àti lẹ́yìn rẹ̀. Máàkì rẹ̀ wá láti 0 dé 10, àmọ́ kì í ṣe bí i ti iléèwé: èyí tó kéré ló dáa.

ọmọ_Àgbówó

Ẹ dákun, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín nílé lánàá, mo ń kà á sókè, ni ìyá mi bá gbọ́ "daemon", orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ́lẹ̀. Ó ní irú ẹ̀mí wo ni mo ń pè wọlé. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ṣì gbàdúrà sórí láptọ́ọ̀pù mi.

bàbá_ẹ̀yà_BSD

Sọ fún ìyá rẹ pé kò ní èṣù nínú. Ní MIT, ní 1963, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Project MAC ló fún un ní orúkọ yẹn. Ẹ̀mí inú ìtàn Maxwell, onímọ̀ físíìsì, ni wọ́n mú un lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ń ya afẹ́fẹ́ gbígbóná sọ́tọ̀ kúrò lára tútù láìsinmi. Alágbàṣe tí a ò rí ni. Àdúrà náà ò burú ṣá.

Mac_ní_Àkòbọ̀

Ẹni tó bá wà lórí Mac bí i tèmi, launchd ló ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 10.4 ní 2005. Fáìlì plist nínú /Library/LaunchDaemons bó bá yẹ kó jí kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ~/Library/LaunchAgents bó bá di ìgbà tó o bá wọlé. RunAtLoad àti KeepAlive ni kẹ́ ẹ wá. Ó tó fún tèmi.

onísáfà_Bódìjà

Àbúrò, ohun kan ló kù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ systemd. Gbogbo ètò yìí, jíjí ló wà fún. Ẹ wo ikú náà. Ra UPS kékeré, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ, kó ní okùn USB, kó o fi NUT, prógíráàmù tó ń bá UPS sọ̀rọ̀, sórí Ubuntu yẹn. Bí bátìrì bá ń tán lọ, NUT á ní kí ẹ̀rọ pa ara rẹ̀ dé, systemd á sọ fún oja pé kó dáwọ́ dúró, á fún un ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kó palẹ̀ mọ́ kó tó fipá pa á. Kò sì sí ìdí kankan tó o fi gbọ́dọ̀ pa fsync PostgreSQL, tó ń rí i pé àkọsílẹ̀ dé orí díìsìkì, kó lè yára, ohunkóhun tó wù kí wọ́n sọ fún ẹ.

Lẹ́yìn náà, dán an wò. Má lo reboot, reboot ń ṣe jẹ́jẹ́. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ọjà ò sí, ṣe àdàkọ sórí fláàṣì, kó o wá fa wáyà yọ kúrò lára ògiri.

ará_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ ní Sunday, mo fa wáyà yọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Àlájà dúró tì mí, ó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó jí lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló pẹ́ jù, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, PostgreSQL ń tún ara rẹ̀ ṣe, oja ń kan ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. UPS ṣì wà lórí àdéhùn, ó ní kí n jẹ́ kí Iléyá kọjá.

Lónìí iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Láago mẹ́ta, fóònù mi dún, Àlájà ni. Mo ti wọ bàtà kí n tó gbé e. Ìwé rìsíìtì ló tán.